Orúkọ Méjìlá Lẹ́nu Géètì Ilé Ìjọba ní Niamey

Aago mẹ́rin ìdájí kò tíì lù tí mo ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Ìlọrin, tí mo ń retí ọlọ́kadà tí yóò gbé mi lọ sí ibùdókọ̀. Ọyẹ́ ọdún yẹn mú gan-an. Ètè mi ti là kí n tó kúrò nílé. Ìyàwó mi di ẹ̀kọ mẹ́fà àti ẹja díndín sínú àpò mi, ó sì ki ìwé ìrìnnà mi bọ inú àpò aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi, ó fi pín-ìnnì dè é, bí ẹni ń so oògùn mọ́ ọmọ ọwọ́.

"Bàbá Bísí," ó ní, "ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin kì í jà fún àyè nínú ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé wọlé tán kí ẹ tó wọlé."

"Tí wọ́n bá wọlé tán tí àyè ò sì sí mọ́ ńkọ́?"

"Ẹ padà wá sílé nìyẹn. Ta ló lé yín?"

Ìlérí kan ló lé mi, ó sì ti lé ní àádọ́ta ọdún. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, Niamey, olú ìlú orílẹ̀-èdè Niger, ni ẹ̀gbọ́n mi Rájí wà, ó ń ta sípéápáàtì ọkọ̀. Owó tó ń fi ránṣẹ́ ni mo fi ń ra ìwé. Jọ́gíráfì ni mo kà. Mo máa ń jókòó ní ilé ìkàwé, máa ń ya àwòrán odò Ọya, bó ṣe gba Niamey kọjá kó tó wá bá wa ní Jẹ́bbà. Èmi ń ya odò náà, ẹ̀gbọ́n mi sì ń fojú rí i lójoojúmọ́. Mo kọ̀wé sí i pé bí mo bá gboyè tán, màá wá kí i. Mo gboyè, mo di olùkọ́, mo gbéyàwó, mo bímọ, mo fẹ̀yìn tì. Ẹ̀gbọ́n mi kú, wọ́n sin ín sí Niamey, n ò tíì dé ibẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Àdíjà, ló wá ránṣẹ́ pè mí. Niamey ni wọ́n bí i sí, ilé ẹ̀kọ́ Faransé ló lọ. Iṣẹ́ tó yàn láàyò ni pé kó máa mú àlejò káàkiri ìlú, kó máa ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń rí fún wọn. Ó ti ń mú wọn lọ sí ọjà àti sí etí odò, ṣùgbọ́n àwọn ilé ìjọba ni ọkàn rẹ̀ wà: àwọn ilé ńlá tí ará ìlú ń gba iwájú wọn kọjá láàárọ̀ lálẹ́ tí wọn ò mọ bí inú wọn ti rí. Ọdún méjì ló fi ń kọ̀wé láti ọ́fíìsì kan sí òmíràn. Nígbà tó yá, wọ́n fún un ní ọjọ́ kan ṣoṣo, láti fi dán an wò: èèyàn méjìlá, ilé kan, wákàtí kan. Bó bá lọ déédéé, wọn yóò fún un ní ìwé àṣẹ ọdún kan. Bí kò bá lọ déédéé, ó ti bá ìyá rẹ̀ ṣàdéhùn pé òun yóò lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù sípéápáàtì tí bàbá òun fi sílẹ̀, ọ̀rọ̀ àlejò á sì tán síbẹ̀.

"Bàbá Ìlọrin," ó wí lórí fóònù, "àwọn àgbà Yorùbá tó wà ní àdúgbò Maourey níbí ni mo fẹ́ kó lọ. Wọ́n ti ń san owó orí níbí fún ogójì ọdún, wọn ò wọ ilé ìjọba kankan rí, àfi ibi tí wọ́n ti ń lu òǹtẹ̀ sí káàdì. Ẹnì kan ló kù kí wọ́n pé méjìlá. Ẹ wá."

Mo wá.

Èyí ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó ti ẹnubodè orí odò láàárín Benin àti Niger, nítorí náà ọ̀nà Benin ni mo gbà. Owó ọkọ̀ láti Ìlọrin dé Chikanda, níbi tí ilẹ̀ wa ti pin, jẹ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà. Lẹ́yìn Kaiama, awakọ̀ wa fi ọ̀dà sílẹ̀, ó ń gba inú igbó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí pé igbó náà ló tẹ́jú jù. Ní Chikanda mo ṣẹ́ owó mi sí sẹ́fà, mo wọ ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n fún èèyàn méje sínú rẹ̀, nígbà tí oòrùn sì fẹ́ wọ̀, a dé Parakou. Mo sùn nílé ìgbàlejò kan lẹ́yìn ibùdókọ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin sẹ́fà. Ẹni tó gbé omi ìwẹ̀ wá fún mi, Yorùbá ló fi kí mi. Mo bi í pé ọmọ ibo ni, ó ní ọmọ Parakou lòun, bàbá bàbá òun ló wá láti ìlú kan tí òun ò mọ orúkọ rẹ̀.

Bọ́ọ̀sì Niamey gbéra láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹgbẹ̀rún méjìlá àtààbọ̀ sẹ́fà ni owó rẹ̀, nọ́ńbà sì wà lára ìjókòó kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ìmọ̀ràn ìyàwó mi lórí ìjà àyè kò wúlò. Bí a ti ń lọ síhà àríwá ni igi ń kúrú sí i, ilẹ̀ ń pọ́n sí i. Ní Malanville, àlùbọ́sà ni wọ́n kó jọ sẹ́bàá ọ̀nà bí òkè, àpò àti àpò, tí gbogbo bọ́ọ̀sì sì ń rùn ún títí a fi gun afárá. Lórí afárá yẹn ni mo ti kọ́kọ́ rí odò Ọya níbi tí n kò rí i rí. Mo dìde dúró láti wò ó dáadáa, obìnrin ẹ̀yìn mi sì ní kí n jókòó, odò náà kò ní sá lọ.

Ní Gaya, ní ìhà Niger, gbogbo wa sọ̀kalẹ̀, a tò. Ọlọ́pàá tó gba ìwé mi gbọ́ Hausa, èmi náà sì gbọ́ ọ díẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe ní Niamey, bàbá?"

"Mo fẹ́ lọ wo ilé ìjọba."

"Kí lẹ fẹ́ wò lára rẹ̀?"

"Inú rẹ̀."

Ó wò mí títí, ó wo ìwé mi, ó lu òǹtẹ̀. "Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ gba ibí padà, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi bó ṣe rí. Èmi náà ò wọ̀ ọ́ rí."

A dúró kírun ní Dosso. Lẹ́yìn ibẹ̀, awakọ̀ fi ọwọ́ hàn wá pé àwọn rakumin dawa wà nínú igbó níwájú. Hausa ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ràkúnmí igbó. Àgùnfọn ni àwa ń pè é. Àwọn tó jókòó lápá òsì ní àwọn rí méjì. Apá ọ̀tún ni mo wà.

Àdíjà wá pàdé mi ní ibùdókọ̀ Niamey. Ó kúnlẹ̀ láàárín èrò àti ẹrù, ó sì gba àpò mi. Ojú ẹ̀gbọ́n mi gan-an ni, pàápàá bó ṣe máa ń di ojú kan díẹ̀ bí ẹni ń wọn nǹkan. Takisí ibẹ̀ ń kó èrò pọ̀ ni, igba sẹ́fà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan bí ọ̀nà kò bá jìn. Ẹ dúró sẹ́bàá títì, ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ ń lọ, bó bá bá awakọ̀ lára mu yóò dúró, bí kò bá bá a mu yóò wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ láìdáhùn. Bí ẹ bá lọ ra nǹkan lọ́jà, ẹ ṣọ́ra o, torí pé dala ni wọ́n fi ń ka owó, dala kan sì jẹ́ sẹ́fà márùn-ún. Wọ́n ní ìwọ̀n ẹ̀fọ́ gbígbẹ kan jẹ́ ogún, mo nawọ́ ogún sí obìnrin náà, ó rò pé mo ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ọgọ́rùn-ún ló ń wí.

Yantala ni ilé wọn wà, kò jìnnà sí odò. Ìyá Àdíjà, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, se dambu fún mi: ìrẹsì tí wọ́n lọ̀ kúnná díẹ̀, tí wọ́n fi oru omi sè, tí wọ́n po ewé kan mọ́, ewé tí àwọn Zarma, ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ ibẹ̀, ń pè ní kopto, tí àwa ń pè ní ewé ilé. Wọ́n ta epo àti àlùbọ́sà sí i lórí. Ó dùn, ṣùgbọ́n ó ń wá omi lọ́nà ọ̀fun. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì a lọ sí itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí, Àdíjà sì fi ibi tí bàbá rẹ̀ wà hàn mí. Yanrìn ni, òkúta méjì, kò sí ohun tí wọ́n kọ sí i. Mo sọ fún un pé mo ti dé.

Ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, Àdíjà mú mi rìn káàkiri. A gba Koira Kano kọjá, àdúgbò àwọn ọlọ́lá ní ìhà àríwá, tí ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ní Zarma ń jẹ́ ìlú dídùn, tí kò bá Kano tiwa tan. Níwájú ilé ìjọba kọ̀ọ̀kan ó máa ń dúró lódìkejì títì, á máa sọ ohun tó mọ̀ nípa rẹ̀: ẹni tó ya àwòrán rẹ̀, ìdí tí fèrèsé rẹ̀ fi kéré, ibi tí wọ́n ti wa amọ̀ pupa tí wọ́n fi kun ún. Gbogbo rẹ̀ ló há sórí láìtíì wọ ọ̀kan nínú wọn. Bí Yorùbá bá tán lẹ́nu rẹ̀, á fi Faransé tì í.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìbẹ̀wò náà, ó mú líìsì àwọn èèyàn rẹ̀ wá fún mi kí n bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí i. Mo wọ awò ojú mi, mo kà á láti òkè délẹ̀: Bàbá Ṣéfíù, Ìyá Kúdí, Álífà Kékeré, títí dé orí èmi, tí mo jẹ́ ìkejìlá, Bàbá Ìlọrin. Mo ní ó dára. Mo tilẹ̀ yìn ín pé ó to àwọn àgbà sípò bó ṣe yẹ, ẹni tó dàgbà jù ló ṣáájú, èmi àlejò ni mo gbẹ̀yìn.

Ìyá rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. "Ẹ kà á dáadáa o," ó ní. "Ṣọ́ọ̀bù ń dúró de ẹnì kan níbí."

"Màámá, ẹ má fi ẹnu yín pa mí," ni Àdíjà wí.

"Ṣé èmi ni mo fẹ́ kó o wọ ilé ìjọba? Èmi ní kó o ta nọ́ọ̀tì ọkọ̀."

Ọjọ́bọ̀ ni. Aago mẹ́wàá ni wọ́n fún wa. Ní aago mọ́kànlá, wọ́n fẹ́ fi gbọ̀ngàn ńlá inú ilé náà ṣe ìpàdé. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, gbogbo wa ti pé sẹ́nu géètì. Mi ò ní dárúkọ ilé náà; ó tóbi, ó dojú kọ títì ọlọ́nà méjì, àsíá sì wà lórí rẹ̀. Bàbá Ṣéfíù, tó ń ta bẹ́líìtì ẹ̀rọ ọkọ̀, wọ agbádá tó ń rùn káńfọ̀. Ìyá Kúdí, oníṣòwò aṣọ ní Maourey, wé gèlè tí ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ kò fi ní rí iwájú. Álífà Kékeré ga bí òpó iná, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ìgbà tó dé Niamey òun ló kéré jù nínú àwọn álífà Ìlọrin tó ń kọ́ ọmọ ní kéú, orúkọ náà kò sì dàgbà pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu géètì, Seyni lorúkọ rẹ̀, àgbàlagbà ni, Zarma. Ó fi Hausa kí wa dáadáa, ó gba káàdì wa, ó gba líìsì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè wá.

"BABA Séfiou."

Bàbá Ṣéfíù bọ́ síwájú. Seyni wo káàdì.

"Káàdì yìí ní Alade Ibrahim."

"Èmi ni."

"Ta ni Séfiou?"

"Ọmọ mi ni."

"Òun dà?"

"Ó wà ní Kùmásí."

Seyni fi káàdì náà sápá kan. "IYA Koudi."

Ìyá Kúdí bọ́ síwájú. Káàdì rẹ̀ ní Nimota Abeke.

"Ta ni Koudi?"

"Àkọ́bí mi."

"Òun náà wà ní Kùmásí?"

"Rárá o. Ilé ọkọ ló wà, ní Cotonou."

Seyni wo gbogbo wa. "Ó dà bíi pé gbogbo àwọn tó yẹ kó wá ló ti rìnrìn àjò," ó ní, "àwọn òbí wọn ló wá ṣojú wọn." Nígbà tó dé orí èmi, ó bi mí bóyá ọmọ tèmi ló ń jẹ́ Ilorin. Mo ní ìlú mi ni. Ó fi ìwé mi lé orí àwọn yòókù.

Ìgbà yẹn ni mo rí ohun tí a ṣe. Àwọn èèyàn yìí ló tọ́ Àdíjà. Láti ìgbà tó ti ń rákò, ohun tó gbọ́ tí wọ́n ń pè wọ́n nìyẹn, ọmọ Yorùbá wo ló sì máa lọ bá àgbà pé, ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ yín? Àwọn ọ́fíìsì náà ò fura, torí pé ní Niger ẹnì kan lè máa jẹ́ Baba tàbí Iya nínú ìwé tòótọ́. Wọ́n rò pé orúkọ ìdílé ni. Èmi tí mo sì kàwé débi tí mo kà á dé, mo fi awò ojú mi wò ó, mo yìn ín.

"Bàbá Ìlọrin," Àdíjà sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "mi ò mọ orúkọ wọn. Ẹnì kankan nínú wọn. Tiyín gan-an, mi ò mọ̀ ọ́n."

"Kala suuru," ni Seyni ń sọ fún un. Zarma ni, ohun tó sì túmọ̀ sí ni àfi sùúrù. Ẹ rí i pé sùúrù náà kan ṣoṣo ni. Ó tẹ fóònù, obìnrin kan sì jáde wá láti inú ilé, Madame Zeinabou, ẹni tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìbẹ̀wò náà sí níkàáwọ́. Ó wọ awò ojú, ó ń rìn kíákíá. Ó wo líìsì, ó wo káàdì, ó wo Àdíjà.

"Ọdún méjì lo fi bẹ̀ wá," ó wí ní Faransé, "o wá kó àwọn tí kò sí láyé wá fún mi."

"Madame, wọ́n wà láyé. Èmi ni mo ò mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ nínú ìwé. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ kì í pe orúkọ àgbà."

"Lọ́dọ̀ wa náà, mi ò lè pe bàbá ọkọ mi lórúkọ. Ṣùgbọ́n bí iná bá sọ nínú ilé yìí, báwo lo ṣe máa ka àwọn èèyàn rẹ? Séfiou wà ní Kùmásí, Koudi wà ní Cotonou. Ṣé ibẹ̀ la máa pè láti bi wọ́n bóyá wọ́n ti jáde?"

Bàbá Ṣéfíù rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

Madame Zeinabou wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Ẹni tó bá fẹ́ máa mú èèyàn wọ ilé ìjọba gbọ́dọ̀ lè pe ẹnì kọ̀ọ̀kan lórúkọ lójú mi, kí onítọ̀hún dáhùn, kí ẹni tó pè é sì fọwọ́ sí i pé òun mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ líìsì mìíràn. Mo fún ọ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí gbogbo yín máa lọ sílé, má sì kọ̀wé sí mi mọ́."

Èmi ni mo jókòó sórí ìpìlẹ̀ ọgbà, mo da àwọn káàdì sí itan, mo ń kọ wọ́n. Faransé tí mo kọ́ nígbà èwe kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo rántí pé wọ́n ní ọ̀rọ̀ kékeré kan, dit, tí wọ́n máa ń fi sáàárín orúkọ ìwé àti orúkọ tí ayé ń pe èèyàn, bíi pé "tí wọ́n ń pè ní". Mo fi í sáàárín gbogbo wọn. Mo gbé e fún Àdíjà.

Ó mú un dání. Ó la ẹnu. Ó pa á dé.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "mi ò lè ṣe é."

"Orúkọ mi kì í jóni lẹ́nu," ni Ìyá Kúdí wí. "Pè mí kí oòrùn tó ba gèlè mi jẹ́."

"Bàbá rẹ gan-an ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí," ni Bàbá Ṣéfíù wí, "ọ̀rẹ́ mi sì ni. Ó ṣòro díẹ̀ o."

"Ṣé ẹ fẹ́ kó lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ni?" Ìyá Kúdí bi í.

Álífà Kékeré ló parí ọ̀rọ̀ náà. Ó tẹ̀ ba, torí pé ó ga, ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Àdíjà, Ọlọ́run ń bọ̀ wá pe kálukú wa lórúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, àfi ká dáhùn náà. Jẹ́ ká fi tòní kọ́ra. A fún ọ láṣẹ. Pè wá."

Àdíjà kúnlẹ̀ lórí bíríkì ẹnu géètì, níwájú ẹ̀ṣọ́ àti àwọn tó ń kọjá lójú títì. Seyni fẹ́ gbé e dìde, Madame Zeinabou sì di ẹ̀ṣọ́ náà lápá mú.

"Ìbùráhíìmù Àlàdé."

"Èmi nìyí, ọmọ mi."

Ìyá Kúdí yíjú pa dà. "Àlàdé lẹ ń jẹ́? Ẹ̀gbọ́n mi tó kú, Àlàdé ni. Gbogbo ogójì ọdún tí mo fi ń bú yín lọ́jà yìí, ẹ ò sọ fún mi."

"Ẹ ò bi mí."

"Nímọ́tà Àbẹ̀kẹ́," ni Àdíjà pè, Ìyá Kúdí sì dáhùn bí ọmọdébìnrin, pẹ̀lú ohùn tí ẹnì kankan nínú wa ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ. Ọkùnrin kan nínú wọn ní láti yọjú wo káàdì rẹ̀ kó tó dáhùn. Òmíràn ń nu ojú rẹ̀.

"Yúsúfù Àkànmú."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé èmi ló ń pè. Àwọn tó máa ń pè mí bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi, ìyá mi, àti ẹ̀gbọ́n mi Rájí. Lẹ́yìn tí Rájí kú, kò sẹ́ni tó pè mí ní Àkànmú mọ́ láyé. Olùkọ́ ni mí níṣẹ́, Alàgbà ni mí ládùúgbò, Bàbá Bísí ni mí nílé. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ Rájí, lórí ilẹ̀ tí Rájí sùn sí, ohun tó sì jáde lẹ́nu mi ni ohun tí mo máa ń dáhùn ní kíláàsì nígbà tí wọ́n bá ń ka orúkọ wa ní yunifásítì: "Prẹ́sẹ́ǹtì, sà."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àdíjà fọwọ́ sí ìwé, Madame Zeinabou fọwọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, Seyni sì ṣí géètì. Aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Ogójì ìṣẹ́jú ló kù, Àdíjà kò sì fi ìkankan ṣòfò. Inú ilé náà tutù bí inú kàǹga. Ilẹ̀ rẹ̀ ń dán débi pé Bàbá Ṣéfíù ń gbé agbádá rẹ̀ sókè bí ẹni ń la odò kọjá. Nínú gbọ̀ngàn, àga lé ní ọgọ́rùn-ún mẹ́ta, gbogbo wọn jẹ́ aláwọ̀ ewé, wọ́n tò bí oko àgbàdo. Lókè lẹ́yìn, àwọn yàrá kékeré onígíláàsì wà, mo sì bi Àdíjà ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

"Ibẹ̀ ni àwọn tó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnì kan wà," ó ní, "tí wọ́n ń sọ ọ́ sétí ẹlòmíì ní èdè tiẹ̀."

"Ògbufọ̀," ni Álífà Kékeré wí.

"Ògbufọ̀," Àdíjà tún un sọ, ó fi í pamọ́.

Àwọn àgbà náà bi í ní ìbéèrè tí kò sí nínú ìwé rẹ̀ rárá. Ta ló ń gbá ibí? Bí àwọn ńlá bá ń sùn nínú ìpàdé, ṣé àwọn tó wà ní yàrá gíláàsì ń rí wọn? Bí ó ti ń dáhùn, mo wo Madame Zeinabou. Òun náà ń tẹ́tí. Nígbà náà ni Ìyá Kúdí fi wá sílẹ̀, ó lọ bá aṣọ ìkélé gígùn tó wà lójú fèrèsé, ó fi ìka méjì mú etí rẹ̀.

"Ẹni tó ra aṣọ yìí lọ́wọ́ mi sọ pé ilé ìgbéyàwó lòun fẹ́ kọ́ ọ sí," ó ní. "Sọ fún un, Àdíjà. Ẹ̀yìn aṣọ ni wọ́n yí síta. Òdì ni."

Àdíjà dúró. Mo mọ ohun tó ń rò: bí ó bá túmọ̀ rẹ̀, ó ń bá ilé ìjọba wí, bí kò bá túmọ̀ rẹ̀, ó ń ṣàìgbọràn sí àgbà. Ó túmọ̀ rẹ̀. Madame Zeinabou lọ wo aṣọ náà, ó yí etí rẹ̀ pa dà, ó rí òdòdó tó hàn kedere ní ẹ̀yìn. Ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Láti ìgbà tí mo ti wà níbí," ó ní, "mo rò pé aṣọ náà ti gbó ni."

A jáde ní aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Madame Zeinabou fi ìka kà wá lẹ́nu géètì, méjìlá, ó sì sọ fún Àdíjà pé kó padà wá lọ́jọ́ Ajé.

Lọ́jọ́ Ajé, ìwé náà jáde. Ọdún kan, òǹtẹ̀ méjì, pẹ̀lú ìlà kan tí wọ́n fi pẹ́ẹ̀nì kọ sí ìsàlẹ̀: kí líìsì máa dé ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, orúkọ inú káàdì nìkan. Àdíjà gbé e síwájú ìyá rẹ̀ lórí ẹní. Ìyá rẹ̀ kò mọ Faransé kà, ṣùgbọ́n ó fi ìka tẹ òǹtẹ̀ náà bóyá ó ti gbẹ.

"Ta wá ni yóò jókòó sí ṣọ́ọ̀bù?" ó bi í.

"Ẹ̀gbọ́n mi ti wà níbẹ̀, Màámá."

"Oorun lòun ń sùn níbẹ̀." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ìborùn. "Ó dáa. Èló ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wo ilé náà?"

Mo padà lọ́jọ́ kejì. Apá òsì ni mo jókòó lọ́tẹ̀ yìí, n kò sì rí àgùnfọn kankan. Ní Gaya, ọlọ́pàá mìíràn ló wà níbẹ̀, kò sì bi mí léèrè nǹkan.

Àwọn olùkọ́ mi ní yunifásítì kọ́ mi pé bí a bá fẹ́ mọ ìlú, ká wo odò rẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀, àti ohun tó ń tà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láàárín àwọn èèyàn tí mo fẹ́ràn, tí ọ̀wọ̀ tí mo ní fún wọn ti bo orúkọ wọn mọ́lẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní kí n pe àwọn àgbà méjìlá ládùúgbò mi lẹ́nu géètì, mi ò lè pe mẹ́rin. Ọ̀wọ̀ náà dára; mi ò sọ pé ká jù ú nù. Ó kàn yẹ kí ẹnì kan mọ orúkọ wọn nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé láti dáhùn.

Ọ̀sán ni mo dé Ìlọrin. Ilẹ̀kùn ilé wa ṣí sílẹ̀, mo sì ń gbọ́ ìró ọmọ odó nínú ilé ìdáná. Mo wọlé, mo gbé àpò mi kalẹ̀ ní pálọ̀. Mo ti fẹ́ ké pé Ìyá Bísí, bí mo ti ń ṣe láti ọdún mẹ́rìnlélógójì, mo sì yí i pa dà.

"Rámátù," mo pè.

Ìró odó dákẹ́. Ìyàwó mi jáde wá, ó ń fi ìdí aṣọ nu ọwọ́, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ sẹ́nu ọ̀nà, láti wo àlejò tó ń pè é.